Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Ń Wádìí Ọkàn Rẹ̀: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ọmọ Yorùbá ní Tamale

Kí n tó la ẹnu ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá mi, mo júbà àwọn onílẹ̀, láti orí Ya-Naa tí ó gúnwà lórí awọ kìnnìún ní Yendi títí dé orí àwọn olóyè tí ń ṣọ́ ilẹ̀ Tamale. Mo sì júbà ẹ̀yin àgbà Yorùbá tí ẹ pé jọ síhìn-ín, ẹ̀yin ọmọ Ajílété láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ọmọ Ọlálọmí láti Ọ̀fà Mọjọ̀, ẹ̀yin ará Ìníṣà, ará Ìgbòho àti ará Ìgbẹ́tì, tí àwọn bàbá yín gbé ọjà dé ilẹ̀ yìí, tí wọ́n sì fi òótọ́ inú àti òógùn ojú wá ibi fi ìdí kalẹ̀ sí láàrin àwọn Dagomba. Kí ìbà mi ṣẹ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n bá yín sọ lónìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wádìí ọkàn àti ìwà ènìyàn, àti ẹ̀tọ́ tí ẹni tí wọ́n ń wádìí ní lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí kò ní ṣàì mọ irú ẹni tí mo ń sọ. Láti 1992 tí ìjọba ti dá University for Development Studies sílẹ̀ ní Tamale, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí láti òkè òkun bí Innovations for Poverty Action náà sì ti ní ọ́fíìsì níhìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ tí ń gun alùpùpù, tí wọ́n fi ọ̀rá wé tábílẹ́ẹ̀tì wọn nítorí eruku, kò ṣàjèjì mọ́ ní àwọn abúlé tí ó yí wa ká. Ní ìgbà kan, iye àpò àgbàdo, iye ewúrẹ́ àti iye ọmọ ni irú wọn ń béèrè. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí ìbéèrè ti kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti wọ inú yàrá. Ìgbà mélòó ni ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì nínú ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó kọjá? Ǹjẹ́ ó ti ṣe yín rí bíi kí ẹ má sí láyé mọ́? Ǹjẹ́ baálé yín a máa gbé ọwọ́ sókè sí yín? Irú ìbéèrè báwọ̀nyí kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti àwọn ọ̀mọ̀wé kan pẹ̀lú, fi rò pé kò lè pa ni lára. Èrò yẹn gan-an ni mo bá wá jà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1939, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Wendell Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ akólòlò, tí ó sì ń wá ohun tí ń fa òlòlò tọkàntọkàn, rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Mary Tudor, lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní Davenport, wọ́n sì yan ọmọ 22 níbẹ̀ fún ìwádìí. Nínú àwọn tí ń sọ̀rọ̀ geere láìkọsẹ̀, wọ́n ya ọmọ 6 sọ́tọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni obìnrin náà ń pè sọ́dọ̀ tí ó ń sọ fún pé òlòlò ti ń mú wọn, pé kí wọ́n sapá láti dá a dúró, pé kí wọ́n má tilẹ̀ la ẹnu àfi bí ó bá dá wọn lójú pé ọ̀rọ̀ náà yóò jáde dáadáa. Kí oṣù karùn-ún tó dé òpin, àwọn ọmọ tí ń bá ẹgbẹ́ wọn tàkúrọ̀sọ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ń bẹ̀rù ohùn ara wọn. Kò sí ẹni tí ó nà wọ́n, kò sí ẹni tí ó fi oúnjẹ dù wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni a fi ṣe wọ́n lọ́ṣẹ́, ẹyin sì ni ọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Ìwé tí a kọ nípa iṣẹ́ náà wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Iowa títí di 2001 kí àwọn oníròyìn tó gbé e síta. Ọdún 2007 ni ìpínlẹ̀ Iowa tó san 925,000 dọ́là fún àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ náà àti fún ìdílé àwọn tí ó ti kú.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ilé ọmọ aláìlóbìí ni ọ̀mọ̀wé yìí rán ènìyàn lọ, tí kò rán an lọ sí àdúgbò àwọn ọlọ́lá? Nítorí pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ìyá tí yóò dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó sọ pé ọmọ òun kò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú nìyẹn. Lóòótọ́ ni ayé ti ṣe òfin lórí ọ̀ràn yìí: ìlànà Nuremberg ní 1947, ìkéde Helsinki ní 1964, ìjábọ̀ Belmont ní 1979, ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Ghana àti ní Nàìjíríà lónìí sì ní ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin kò wọ́n wa. Ṣùgbọ́n gbogbo òfin wọ̀nyí dúró lórí ìyọ̀ǹda ẹni tí a ń wádìí, ìyọ̀ǹda náà kò sì tó ohun tí à ń gbẹ́kẹ̀ lé bí kò ṣe ti ẹni tí ó lè sọ pé òun kò ṣe, tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní tìtorí èyí dín, tí orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́, tí ojú kò sì ní tì í láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ọn wò ní abúlé kan ní ilẹ̀ àríwá yìí. Olùwádìí kì í ṣàdédé wọlé: ó kọ́kọ́ gbé obì lọ sí ààfin, ó jókòó sílẹ̀, ó sọ ohun tí ó bá wá, lẹ́yìn tí olóyè bá ti gbà, ó lọ bá baálé agboolé, lẹ́yìn tí baálé bá ti gbà ni ó tó kan obìnrin tí a fẹ́ bi léèrè. Ọ̀mọ̀wé Paulina Tindana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ lórí ìyọ̀ǹda ní àgbègbè Navrongo, ti fi hàn bí ọ̀nà náà ṣe rí láti ààfin dé àárín agboolé, ọ̀nà náà sì dára, ó bá ọmọlúàbí mu, n kò sì ní bá àwọn tí ń pè é ní àṣà àtijọ́ lohùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo obìnrin náà nígbà tí ó bá kàn án. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀pà sínú abọ́. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Ọmọbìnrin tí ó gbé tábílẹ́ẹ̀tì dání ń ka ìwé ìyọ̀ǹda ní èdè Dagbani, ó ń kà á kíákíá nítorí ilé mẹ́fà ṣì wà níwájú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìwé náà sọ pé kò pọn dandan, pé ó lè dáwọ́ dúró nígbàkígbà. Obìnrin náà kò mọ ìwé. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì padà sídìí ẹ̀pà rẹ̀. Ta ni ó fún ní ìyọ̀ǹda níbẹ̀? Olóyè ti gbà, baálé ti gbà, àbúrò ọkọ ń wò ó. Bí ó bá kọ̀, kì í ṣe ọmọbìnrin yìí ni ó kọ̀, ààfin ni ó kọ̀. Àwọn àgbà wa ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn obìnrin yìí, bí ó tilẹ̀ wà nínú agboolé ọkọ rẹ̀, ó ní ààlà tirẹ̀. Olùwádìí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò bẹ àbúrò ọkọ pé kí ó fún àwọn láyè, yóò gbé ìjókòó lọ sábẹ́ igi tí etí kò ti ní gbọ́, yóò sì bi obìnrin náà pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó gbọ́ nínú ìwé, kí ó tó na tàdáwà sí i. Bí ó bá sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, kí ó dá a sí, kí ó má sì jẹ́ kí ààfin mọ ẹni tí kò dáhùn.

Ọ̀ràn ẹ̀bùn pẹ̀lú kò rọrùn. Ọṣẹ méjì tàbí ìwọ̀n iyọ̀ díẹ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a gba àkókò rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí àká ti gbẹ tí ìkórè kò sì tíì dé, nígbà tí ilé ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, owó tí ó kéré lójú ẹni tí ó ti Accra wá lè di ohun tí ń fi ipá la ẹnu ènìyàn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé ìwà àwọn ènìyàn wa sí àlejò: ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò ni a ti ń san án. Ẹni tí ó sọ àṣírí ilé rẹ̀ fún àjèjì nítorí kí àjèjì má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ìgbà tí àjèjì bá ti lọ ni yóò tó mọ iye tí ó jẹ.

Àwa Yorùbá tí a wà ní ìlú yìí, ó yẹ kí ọ̀ràn yìí yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Ní 1960, nígbà ìkànìyàn, ìjọba béèrè ẹ̀yà olúkúlùkù, àwọn bàbá wa sì dáhùn láìfòyà pé ọmọ Yorùbá ni àwọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, àṣẹ jáde láti Accra pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí ó sì jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia, jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ nípa àwùjọ, ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí ńlá láàrin àwọn ará Sekondi àti Takoradi ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. N kò sọ pé ìwé ìkànìyàn ni wọ́n fi lé wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé bírò dání tí ó bi ìyá oníṣòwò Yorùbá kan ní ọjà Tamale pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọkàn ìyá náà yóò sáré lọ sí ibi tí àpótí rẹ̀ wà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, bí ó bá rí ekòló a sá. Olùwádìí tí kò mọ ìtàn yìí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé obìnrin náà yájú, pé kò fẹ́ràn ìdàgbàsókè. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tí ó rán òun, ibi tí ìdáhùn ń lọ, ẹni tí yóò kà á àti ẹni tí kò ní rí i láé, kí ó tó béèrè ohunkóhun. Ọ̀mọ̀wé Jeremy Eades, tí ó kọ ìwé ńlá lórí àwọn Yorùbá oníṣòwò ní àríwá Ghana, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1993, ṣe gudugudu méje fún ìtàn wa. Ó dùn mí pé àwọn tí ọ̀ràn náà kàn gan-an kò rí ìwé náà kà ní èdè tiwọn, nítorí dídá èsì padà fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jẹ́ gbèsè lọ́rùn gbogbo ẹni tí ń wádìí.

Ọwọ́ wa náà kò ṣófo nínú iṣẹ́ yìí. Ní 1961, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tí ó ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aro ká, pẹ̀lú ará ilé wọn, dípò kí ó tì wọ́n mọ́lé, pa pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Cornell láti wádìí àìsàn ọkàn láàrin àwọn Yorùbá ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé rẹ̀. Ẹwà iṣẹ́ náà lójú mi ni pé ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀.

Mo dé ibi tí ó le báyìí. Ẹ mọ Gambaga, ẹ mọ Kukuo, ẹ mọ Gnani: àwọn abúlé tí àwọn obìnrin, tí ó pọ̀jù nínú wọn jẹ́ opó tí ó ti darúgbó, ń sá lọ gbé nígbà tí ará ilé wọn bá ti fi wọ́n pe àjẹ́. Ohun tí wọ́n ń sá fún kì í ṣe ìtàn àròsọ, nítorí ní oṣù keje 2020, ní Kafaba lẹ́bàá Salaga, wọ́n lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní gbangba lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ọkàn sì fẹ́ràn àwọn abúlé wọ̀nyí: wọ́n fẹ́ mọ bí ìbẹ̀rù ṣe ń ṣe ènìyàn, bí ìdánìkanwà ṣe ń ṣe ènìyàn, wọ́n sì ń ya àwòrán. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni. Ìyá tí ó ń gbé lábẹ́ ààbò olóyè kan, tí kò lè padà sílé, tí kò ní ibòmíràn láti lọ, báwo ni yóò ṣe kọ̀ bí olóyè náà bá mú àlejò wá? Èrò tèmi, tí n kò fi epo bọ iyọ̀ nínú rẹ̀, ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bi àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìbéèrè tí a ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀. Kí àwòrán ojú wọn má ṣe jáde nínú ìwé kankan, nítorí ẹni tí ó bá rí i ní abúlé rẹ̀ yóò tún rántí ẹ̀sùn náà. Kí ìwádìí tí kò ní ohunkóhun nínú tí yóò mú kí ẹnì kan nínú wọn rí ọ̀nà padà sílé, tàbí kí ìgbé ayé rẹ̀ níbẹ̀ sàn díẹ̀, dúró sí yunifásítì.

Ìwádìí kan tún wà tí ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ fúnra wọn. Ní ibùdó àdúrà Mount Horeb ní Mamfe, ní ìhà gúúsù Ghana, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n so àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ nígbà tí ìwádìí náà wáyé, Ọ̀mọ̀wé Angela Ofori-Atta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Accra àti Yale pín aláìsàn 139 sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún apá kan ní oògùn ilé ìwòsàn pẹ̀lú àdúrà, apá kejì sì wà lórí ìtọ́jú ibùdó náà nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àìsàn àwọn tí ó gba oògùn ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n lò nínú ẹ̀wọ̀n kò fi ohun tí à ń kà sí dín. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 2018, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ méjì, Vikram Patel àti Kamaldeep Bhui, kọ èsì sí i nínú ìwé ìròyìn kan náà, wọ́n ní kì í ṣe oògùn ni ń tú ènìyàn sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n. Mo bọ̀wọ̀ fún Ọ̀mọ̀wé Ofori-Atta, ẹni tí ó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sin àwọn aláìsàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún. Kì í sì í ṣe àwọn olùwádìí ni ó fi ẹ̀wọ̀n sí wọn lẹ́sẹ̀, oògùn tí wọ́n gbé lọ sì sàn ju àìgbé ohunkóhun lọ. Síbẹ̀, ẹni tí a so mọ́lẹ̀ kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Ká ní èmi wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó yẹ iṣẹ́ náà wò, ǹ bá ní kí títú ẹ̀wọ̀n jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bá olórí ibùdó náà dúnàádúrà lé lórí, kí a tó ka ẹnikẹ́ni kún ìwádìí.

Ọ̀mọ̀wé Ofori-Atta yìí kan náà wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ mìíràn tí mo fẹ́ràn gidigidi, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022: wọ́n kó àwọn tálákà ìgbèríko Ghana jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n ń kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe lè yẹ èrò ara rẹ̀ wò kí ó sì tún un ṣe, àwọn tí ìwádìí náà kàn sì jẹ́ ènìyàn 7,227. Ọkàn àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà balẹ̀ sí i, ara wọn pàápàá sì yá sí i lójú ara wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ó ṣe é, a ní láti ní àwọn tí kò gbà á tí a ó fi wé àwọn tí ó gbà á. Àwọn wọ̀nyí náà dáhùn gbogbo ìbéèrè, wọ́n sọ ìbànújẹ́ wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni pé kí a sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gègé ni a fi yàn, pé kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan ni a fi fi wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà bá sì já sí rere, kí a wá owó tí a ó fi kọ́ àwọn náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí, èyí tí ó máa ń já mi láyà jù. Títí di 2023 tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana fi yí òfin padà, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó jẹ́ lábẹ́ òfin kí ènìyàn gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, wọ́n sì lè fi í sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Ẹ rò ó wò: fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùwádìí ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn bóyá wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí, tí wọ́n sì ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ abúlé àti ọjọ́ orí, gbogbo ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ọ̀ràn sínú ìwé àjèjì. Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni ti wà ní Ghana láti 2012, ṣùgbọ́n ní abúlé tí kò ju ogún agboolé lọ, bí a bá tilẹ̀ yọ orúkọ kúrò tí a kàn kọ ọ́ pé ìyàwó kẹta olóyè, ẹni 40 ọdún, aláàárù, kò sí ọmọdé tí kò ní mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ibi tí a bá fi ìwé ìdáhùn pamọ́ sí àti ibi tí a bá fi orúkọ pamọ́ sí kò gbọdọ̀ jẹ́ ibì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń béèrè kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ abúlé náà.

Òfin ti yí padà, àmọ́ ìbéèrè náà ṣì wà, ìdáhùn rẹ̀ sì ń béèrè ju àṣírí lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ńlá mẹ́ta ni ìjọba ní ní Ghana: ti Accra, ti Pantang àti ti Ankaful, gúúsù ni gbogbo wọn wà, ìrìn àjò ọjọ́ kan gbáko sí wa. Bí obìnrin kan ní abúlé kan ní ìhà Savelugu bá sọ fún ọ lónìí, ìwọ ọmọ yunifásítì, pé òun ń rò ó lójoojúmọ́ láti pa ara òun, tí tábílẹ́ẹ̀tì rẹ sì ń dúró de ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e, kí ni ìwọ yóò ṣe? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ irú ìbéèrè yìí, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní àgbègbè náà. Ẹ bi í ní ọjọ́ tí ó máa ń wá sí abúlé yẹn, ẹ gba nọ́ḿbà tẹlifóònù rẹ̀, ẹ kọ owó ọkọ̀ aláìsàn àti ti ẹni tí yóò sìn ín dé Tamale Teaching Hospital mọ́ ara owó ìwádìí yín, kí ẹ sì pinnu tẹ́lẹ̀ ẹni tí yóò jókòó ti obìnrin náà títí nọ́ọ̀sì yóò fi dé. Bí ẹ kò bá rí nọ́ọ̀sì, bí owó kò bá sí, ẹ yọ ìbéèrè náà kúrò nínú ìwé yín kí ẹ tó kúrò ní Tamale.